Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Bí Sẹ́ẹ̀lì Inú Ara Ṣe Ń Bá Fáírọ́ọ̀sì Jà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni àwọn ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn infulúẹ́nsà dé èbúté Èkó. Kò pẹ́ kò jìnnà, àrùn náà bá ọ̀nà rélùwéè wọ àwọn ìlú òkè lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí agbára wọn pé. Ní àkókò náà, kò sí dókítà kan ní gbogbo ayé tí ó mọ ohun tí ń fa àrùn yìí dájú. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ gbà lára ènìyàn. Síbẹ̀, nínú àwọn tí àrùn náà kọlù ní 1918, àwọn tí ó yè pọ̀ ju àwọn tí ó kú lọ. Kò sí oògùn kan nígbà náà tí ó lè pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ara wọn fúnra rẹ̀ ni ó jà fún wọn.

Kí ni sẹ́ẹ̀lì? Kí ni fáírọ́ọ̀sì?

Gẹ́gẹ́ bí ilé ti jẹ́ àkójọpọ̀ búlọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kò ní ẹ̀mí. Sẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ wà láàyè, ó ń gba oúnjẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn òṣìṣẹ́ wà tí ń ṣe oríṣiríṣi èròjà amúaradàgbà. Wọn kì í dá iṣẹ́ ṣe láìgba àṣẹ. Láti àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ni ìwé àṣẹ ti ń jáde wá, ohun tí ó bá wà nínú ìwé náà ni wọn yóò sì ṣe.

Fáírọ́ọ̀sì kéré ju sẹ́ẹ̀lì lọ jìnnàjìnnà. Bí wọ́n bá to fáírọ́ọ̀sì infulúẹ́nsà bí 10,000 sí ẹsẹ̀ kan, gígùn wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Kò lè jẹun, kò sì lè bí ọmọ fúnra rẹ̀. Ńṣe ni ó dà bí gbájúẹ̀ tí ó yọ́ wọ inú ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú ayédèrú ìwé àṣẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ kò fura. Wọn a fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀, wọn a sì máa ṣe ọmọ fáírọ́ọ̀sì jáde lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò jáde lọ kọlu àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Sẹ́ẹ̀lì ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa

Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì kì í dùbúlẹ̀ kí ọ̀tá wá tẹ òun mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n mọ ìwé àṣẹ tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú. Nígbà tí ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì bá ń ṣe ẹ̀dà ìwé tiwọn, ìwé náà a máa dà bí okùn méjì tí a lọ́ pọ̀, irú èyí tí ó ṣọ̀wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní PKR. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan okùn onílọ̀ọ́pọ̀ yìí, yóò ta jí, yóò sì fi àmì sí ara irinṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ tuntun a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Fáírọ́ọ̀sì kò ní rí ẹni bá a ṣiṣẹ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà náà kan sẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìwé àṣẹ tòótọ́ tí wọ́n wà nílẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì kì í fi wọ́n ṣòfò. Bí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń kó ọjà wọn jọ sí abẹ́ àtíbàbà nígbà tí òjò bá ṣú, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń kó àwọn ìwé náà jọ sí ìṣù kéékèèké. Bí òjò bá dá, ìṣù náà a tú ká, iṣẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀ padà. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ni ó ń fa èyí. Ooru tí ó pọ̀ jù, àìrí èròjà oúnjẹ tó, àti àwọn májèlé kan lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe bákan náà. Ọ̀nà tí ó ń gbà la ìnira kọjá ni.

Ìkìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò

Iṣẹ́ kejì tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ni kí ó ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni Alick Isaacs, ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì, àti Jean Lindenmann, ọmọ ilẹ̀ Swítsálándì, rí àṣírí yìí ní ilé ìwádìí kan ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú ẹyin adìẹ tí ọmọ ti ń dá nínú rẹ̀, wọ́n sì fi fáírọ́ọ̀sì infulúẹ́nsà tí wọ́n ti fi ooru pa sí i. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọ́n gba omi ara awọ náà, wọ́n dà á sí ara awọ mìíràn tí fáírọ́ọ̀sì kò kàn rí. Nígbà tí wọ́n wá fi fáírọ́ọ̀sì tí ó wà láàyè sí awọ kejì yìí, kò lè gbèrú níbẹ̀. Ó hàn gbangba pé awọ àkọ́kọ́ ti tú ohun kan jáde tí ó kìlọ̀ fún èkejì. Wọ́n sọ ohun náà ní interferon.

Sẹ́ẹ̀lì tí interferon bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ohun ìjà sílẹ̀ kí ọ̀tá tó dé. Ọ̀kan nínú ohun ìjà náà ni èyí tí ń gé ìwé àṣẹ fáírọ́ọ̀sì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹ nínú ara ènìyàn lójoojúmọ́.

Bí gbogbo èyí kò bá sì ràn án, sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá ti gbà lè pa ara rẹ̀. Yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́ létòlétò, àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ inú ara yóò sì gbé e mì. Ó kú kí fáírọ́ọ̀sì má baà rí ibi bímọ sí, kí àwọn tí ó kù lè yè.

Ìdí tí ara fi ń gbóná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọwọ́ fáírọ́ọ̀sì ni ibà, ara ríro àti àárẹ̀ ti ń wá tààrà. Iṣẹ́ àwọn tí ń jà fún ara ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Láti ọdún 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí lílo interferon gẹ́gẹ́ bí oògùn fún àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni ara wọn gbóná tí egungun sì ń ro wọ́n bí ẹni tí infulúẹ́nsà mú, láìsí infulúẹ́nsà lára wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ogun yìí ń já sí rere. Fáírọ́ọ̀sì infulúẹ́nsà ní èròjà kan tí ó fi ń bo ìwé rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ má baà rí i. Nígbà mìíràn sì ni ìjà ara a máa le kọjá àlà, tí omi yóò fi kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, àwọn olùwádìí rí i pé nínú 100 àwọn tí àìsàn náà wọ̀ lára gidigidi, bí 10 ni ara wọn ti ṣèèṣì ń ṣe ohun tí ń de interferon tiwọn lọ́wọ́. Níbi tí ìkìlọ̀ kò ti dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ìlú a bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ogun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń jà yìí wà fún àtida ọ̀tá dúró díẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun tí ó mọ ojú fáírọ́ọ̀sì kan pàtó a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó gbára dì, bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò pàdé rẹ̀. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ṣe pàtàkì: ó ń fi àwòrán ọ̀tá han àwọn ọmọ ogun náà kí ọjọ́ ìjà tó pé. Òbí tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ ní àkókò ti ran ìkìlọ̀ ṣáájú ogun.

Kí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé kápúsù tí wọ́n ń rà kiri fún ọ̀fìnkìn kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó bá ń lò ó láìgba àṣẹ dókítà ń fi owó ṣòfò, ó sì ń kọ́ bakitéríà bí yóò ṣe borí oògùn náà lọ́jọ́ iwájú. Ìsinmi, omi mímu àti oúnjẹ tí ó dára ni ìrànlọ́wọ́ tí ara ń fẹ́. Nítorí pé ibà ẹ̀fọn náà ń mú ara gbóná, ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Bí ọmọdé bá ń mí gúlegúle, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, tàbí bí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ará 1918 kò ní abẹ́rẹ́, ara nìkan ni ó jà fún wọn. Àwọn ọmọ òde òní ní ara wọn, wọ́n sì ní àgbọ́tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú.