Agbádá Sányán
Òwú sányán àti òwú funfun; iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àfọwọ́ṣe. Ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rúndún 20.

Àwọ̀ pupa rúsúrúsú yìí kò ti inú aró wá. Bó ṣe wà lára ilé kòkòrò sányán nínú igbó nìyẹn. Wọ́n á sè é nínú omi eérú, wọ́n á ran án lówùú, kó tó dé orí òfì.

Ẹ sún mọ́ ọrùn rẹ̀. Ibi tí òógùn mu ti le, ó sì ṣú ju ìyókù lọ. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Bí irú òwú ogbó bẹ́ẹ̀ bá mumi, ó lè fún, ó sì lè já, kò sì sí àtúnṣe. Nẹ́ẹ̀tì la tẹ́ lé e, tí a rọra fi ẹ̀rọ fa eruku orí rẹ̀.

Iná ibí yìí ò mọ́lẹ̀ tó, a mọ̀: lux 50 péré. Ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ sányán díẹ̀díẹ̀, ojú kì í sì í tètè rí i títí aṣọ yóò fi máa fàya. Bí a bá ká a kúrò lórí ìpàtẹ, inú àpótí là ń tẹ́ ẹ sí, pẹ̀lú pépà tí kò ní ásíìdì nínú gbogbo ìṣẹ́po.

Ẹ̀yin tí ti bàbá yín ṣì wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí káfúrà fara kàn án. Ẹ má fi sítáàṣì sí i, oúnjẹ kòkòrò ni. Ẹ sì máa yí ojú ibi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ padà lọ́dọọdún.