Ọjọ́ Méjì ní Kàdúná: Ìlú tí Ọ̀pọ̀ Ń Gbà Kọjá, tí Díẹ̀ Mọ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ń ṣòwò ní Kánò, Kàtsínà, Sókótó àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè Ọya ni ó ti gba Kàdúná kọjá láìmọye ìgbà. Bí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a di ẹrù, wọn a wọ ọkọ̀, ó di ilé. Bí ọkọ̀ bá dé Kàdúná, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a bọ́jú, wọn a ra oúnjẹ díẹ̀. Kò ní pẹ́ tí awakọ̀ yóò fi fọn fèrè, tí ìrìn-àjò yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, bákan náà ni. Ẹni tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún lè sọ pé òun mọ Kàdúná, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ ni ó mọ̀, kò mọ ìlú. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́ nígbà tí wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Àdánù ni èyí jẹ́. Ní Kàdúná ni a ti ṣe ìjọba gbogbo Òkè Ọya fún àádọ́ta ọdún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀kan nínú àwọn òru tí ó yí ìtàn Nàìjíríà padà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì fi ẹ̀mí wọn dí i. Kò yẹ kí àwọn ọmọ tí a bí sí àjò dàgbà láìmọ ìtàn ilẹ̀ tí ó tọ́ wọn. Ọjọ́ méjì péré tó láti fi ojú rí èyí tí ó ṣe kókó nínú rẹ̀, bí a bá ti ilé ṣètò dáradára. Ẹni tí yóò sì gba ìlú náà kọjá tẹ́lẹ̀ ti san owó ọkọ̀ débẹ̀ ná. Oúnjẹ, ibùsùn àti ọkọ̀ inú ìlú ni ó kù.

ÌLÚ TÍ ÌJỌBA FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ TẸ̀ DÓ

Kàdúná kì í ṣe ìlú àtayébáyé bí Kánò tàbí Sàríà. Kò ní odi àtijọ́ tí a mọ yí i ká. Àwọn ará Gbàgyí, tí àwọn Háúsá ń pè ní Gwárì, ni ó ń dáko ní agbègbè náà kí Òyìnbó tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Háúsá fi ń pe ọ̀nì, èyíinì ni kada, ni orúkọ odò ibẹ̀ ti jáde, nítorí ọ̀nì tí ó kún inú rẹ̀ láyé ọjọ́un.

Zungeru ni olú-ìlú ìjọba Òyìnbó fún Òkè Ọya láti ọdún 1902. Ṣùgbọ́n Lugard ń wá ibi tí ó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí omi wà, tí ojú irin sì gbà kọjá. Ní ọdún 1912 ni wọ́n ti so ilé-iṣẹ́ rélùwéè ti Èkó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti Baro lọ sí Kánò, Kàdúná sì bọ́ sí ojú ọ̀nà náà gan-an. Nígbà tí ó fi di ọdún 1917, ibẹ̀ ni ó ti di olú-ìlú. Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè àti iṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú, àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn aránṣọ àti àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá bá ojú irin gòkè lọ. Ẹni tí ó bá rí Òpópónà Ìbàdàn àti Òpópónà Èkó láàrin ìlú Kàdúná lónìí, kí ó mọ̀ pé orúkọ wọ̀nyẹn kò ṣàdéédé débẹ̀.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ ÀTI Ọ̀NÀ TÍ A LÈ GBÀ

Ìgbà tí ó sàn jùlọ ni láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Òjò ti dá nígbà náà, ilẹ̀ ti gbẹ, oòrùn kò sì tíì mú bí ó ti máa ń mú ní oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ọyẹ́ máa ń mú púpọ̀ ní òwúrọ̀ ní oṣù kìíní, nítorí náà ẹni tí ó bá ń kó ọmọ lọ́wọ́ ní láti mú aṣọ òtútù dání. Ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, odò máa ń kún, kì í sì í rọrùn láti gbádùn etí omi.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni ó dára láti yàn, pàápàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ẹni tí ó bá dé ní ọjọ́ Jímọ̀ yóò rí i pé àkókò ìrun ti dá iṣẹ́ dúró láti ọ̀sán, bí ó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí ó fẹ́ wọlé ni yóò bá ní títì.

Ẹni tí ó bá ń ti Àbújá bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, CCECC, ni ó la ojú irin náà láti Idu dé Rigasa ní Kàdúná, ó gùn tó kìlómítà 186, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2016. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà náà ti rí ìpọ́njú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ náà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èrò lọ sí ìgbèkùn. Oṣù kejìlá ọdún náà ni iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè kí a tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọkọ̀ kan tún yà kúrò lórí irin. Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò béèrè bí ọkọ̀ ṣe ń rìn kí ó tó kúrò nílé, kí ó sì mú nọ́ńbà rẹ̀ dání. Ẹni tí ó bá gba títì ńlá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà. Bí iná ọjọ́ bá ti ń kú lọ, ibi tí ó bá dé ni kí ó sùn.

Kí ibùsùn wà láàrin ìlú, ní ìhà Òpópónà Ahmadu Bello, nítorí pé àwọn ibi tí a fẹ́ rí ní ọjọ́ kìíní kò jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá ní ẹbí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ tàbí mọ́sálásí tí ó lè fi í mọ ẹnì kan ní Kàdúná, kí ó lò ó. Ẹni tí ó mọ àdúgbò sàn ju àwòrán ilẹ̀ lọ.

ỌJỌ́ KÌÍNÍ: ILÉ ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ ÀTI ILÉ SARDAUNA

Ní òwúrọ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òpópónà Ali Akilu ni kí a kọ́kọ́ lọ. Àwọn ère amọ̀ Nok ni kí a fara balẹ̀ wò níbẹ̀. Nok jẹ́ abúlé kan ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń wa tánganran ti hú ère jáde nínú ilẹ̀ ní ọdún 1928, tí Bernard Fagg sì wá ṣe ìwádìí wọn lẹ́yìn náà. Àwọn ère náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti rí orí idẹ àti orí amọ̀ Ilé-Ifẹ̀ yóò fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn: ojú onígun mẹ́ta tí a dá ihò sí láàrin, irun tí a dì ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ti Nok ṣáájú ti Ifẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Láti ibẹ̀, kò jìnnà sí Lugard Hall, níbi tí àwọn aṣòfin Agbègbè Àríwá ti ń jókòó ṣáájú ọdún 1966, tí ó sì di ti àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kàdúná lẹ́yìn náà. Ilé ìjọba ni, nítorí náà láti ẹ̀gbẹ́ títì ni kí ẹni tí kò bá gba àṣẹ ti wò ó.

Ní ọ̀sán, kí a lọ sí Arewa House ní Òpópónà Rabah. Ibẹ̀ ni Sir Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó àti olórí ìjọba Agbègbè Àríwá, ń gbé. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun wọ inú ilé náà, wọ́n sì pa á pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Hafsatu. Láti ọdún 1970 ni ilé náà ti di ibi ìwádìí ìtàn lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, ó sì ní ilé ìkàwé àti àwọn ohun tí Sardauna lò láyé.

Níbi yìí ni ó yẹ kí òbí dúró díẹ̀, kí ó sọ ìyókù ìtàn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Sardauna nìkan kọ́ ni ikú mú lọ ní Kàdúná lóru ọjọ́ náà. Wọ́n pa Ọ̀gágun Samuel Ademulegun, ọmọ Oǹdó, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun ní Kàdúná, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Latifat. Wọ́n tún pa Ọ̀gágun Ralph Shodeinde, ọmọ Yorùbá mìíràn, tí ó jẹ́ igbákejì olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun níbẹ̀. Òru kan náà ni ó sọ ọmọ Sókótó àti ọmọ Oǹdó di aláìlóbìí. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ pé ìtàn Òkè Ọya kò kan òun.

ỌJỌ́ KEJÌ: ETÍ ODÒ, ỌJÀ ÀTI ILÉ-IṢẸ́ ÌHUNṢỌ

Ní ọjọ́ kejì, kí a tètè jí lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ etí odò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Gamji, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ti Ọ̀gágun Hassan Usman Katsina. Nínú ọgbà náà ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí Lugard lò ní Zungeru wà. Ọdún 1904 ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ó yá, wọ́n tú u, wọ́n sì gbé e wá sí Kàdúná. Ọmọdé tí ó bá rìn lórí rẹ̀ yóò lóye ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lọ pé olú-ìlú kan ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, tòun ti afárá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a gba Pápá Murtala kọjá. Ní Kàdúná yìí ni wọ́n ti ṣe ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin ńlá ti FESTAC ní oṣù kejì ọdún 1977, tí àwọn ọba Òkè Ọya kó ẹlẹ́ṣin wọn wá síbẹ̀. Ọjà ńlá tí a fi orúkọ Sheikh Abubakar Gumi pè ni kí a ti jẹun kí a sì ra ẹ̀bùn. Másà gbígbóná, fúrà òun nónò, àti kílíṣí tí kì í tètè bàjẹ́ lọ́nà, ni ohun tí àlejò sábà máa ń rà.

Bí àkókò bá ṣì wà, kí a gba orí afárá kọjá sí Kakuri ní ìhà gúúsù, láti inú ọkọ̀ wo àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ. Kaduna Textile bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1957, àwọn ará Ṣáínà láti Hong Kong sì dá United Nigerian Textiles sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ láti gbogbo ẹ̀yà, Yorùbá pẹ̀lú, ni ó jẹun níbẹ̀. Kaduna Textile ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2002. United ti tirẹ̀ ní ọdún 2007, ó sì tún un ṣí ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n kò tún rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Òwú ìbílẹ̀ ni wọ́n ń hun nígbà náà. Aṣọ òkèèrè ni ó kún ọjà báyìí.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Ìlú ọmọ ogun ni Kàdúná láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bárékè pọ̀ níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1964 sì wà níbẹ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ ya fọ́tò bárékè, afárá ńlá tàbí ilé ìjọba láìgba àṣẹ. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ènìyàn kí ó tó ya àwòrán rẹ̀.

Ìlú náà sì ní egbò tí ó yẹ kí àlejò mọ̀. Rògbòdìyàn ẹ̀sìn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2000 àti 2002 mú kí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí ìhà àríwá odò, tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí ìhà gúúsù. Ìdílé Yorùbá, tí ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí tí àbúrò sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, mọ bí irú ìpinyà bẹ́ẹ̀ ti korò tó. Kí olùbẹ̀wò má bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn tàbí òṣèlú, kí ó sì padà sí ibùsùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìròyìn bá wà pé ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, kí ó sún ìrìn-àjò náà síwájú. Àwọn ère Nok ti dúró ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, wọn yóò tún dúró dè é.

Ní ti owó, kí a kọ ohun gbogbo sílẹ̀ kí a tó gbéra: ọkọ̀ àlọ, ọkọ̀ inú ìlú, ibùsùn òru kan tàbí méjì, oúnjẹ, owó ìwọlé, àti owó pàjáwìrì tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ibi mẹ́rin tí a fara balẹ̀ wò sàn ju mẹ́wàá tí a sáré gbà kọjá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ọdún tí ń bọ̀ bá tún dúró ní ibùdókọ̀ Kàdúná, ó yẹ kí ọmọ lè nawọ́ láti ojú fèrèsé, kí ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé: odò wà lọ́hùn-ún, afárá tí ó ti Zungeru wá wà lẹ́bàá rẹ̀, ilé tí ìtàn ti yí padà kò sì jìnnà síbẹ̀.