Ọjọ́ Ìbí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Ojú Omi Nàìjíríà, Láti Ojú Omi Warri

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdọọdún ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà máa ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ibùdó rẹ̀ ní ìlú Warri ni a ń pè ní NNS Delta. Lẹ́tà mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dúró fún ọkọ̀ ojú omi ológun Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ ni ibùdó náà wà. Kì í ṣe àṣìṣe. Àṣà àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ni láti máa pe ibùdó orí ilẹ̀ ní ọkọ̀, àwọn tiwa sì jogún rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí mú ìbéèrè kan wá: ogún ta ni à ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ náà? Ní Warri, ìbéèrè yìí kò rọrùn, nítorí pé ogún méjì ni omi ibẹ̀ mọ̀, èkíní sì ti bá èkejì jagun rí. (Ogún àti ogun: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n.)

Ogún ti ìjọba rọrùn láti tọpa. Kí a tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní 1914, ìhà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀. Ìsopọ̀ náà ni ó sọ méjèèjì di Nigerian Marine. Iṣẹ́ ẹ̀ka yìí kì í ṣe ogun ní pàtàkì. Wọ́n ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò kí ọkọ̀ lè kọjá, wọ́n ń fi àmì sí ojú omi, wọ́n sì ń kó lẹ́tà àti òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀, a kó nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Kamẹrúùnù láti bá àwọn ará Jámánì jà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni a pín ẹ̀ka náà: iṣẹ́ èbúté bọ́ sí ọwọ́ àjọ tuntun ní 1955, àbójútó àwọn odò inú ilẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀ka mìíràn, èyí tó kù sì di Naval Defence Force ní 1 oṣù Kẹfà 1956. Láìpẹ́ ó di Royal Nigerian Navy. Nígbà tí Nàìjíríà bọ́ lábẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì di orílẹ̀-èdè aláàrẹ ní 1963 ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú inú orúkọ náà bọ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni F. W. Skutil tí ó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Ní 1964 ni ipò náà bọ́ sí ọwọ́ Joseph Edet Akinwale Wey, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ ìtàn Calabar tí a bí i sí àti ti ilẹ̀ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ ti wá.

Ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ṣáájú 1956, ẹgbẹ́ ọkọ̀ ogun mìíràn wà lórí odò Benin, kò sì jìnnà sí Warri. Ti Nana Olomu ni. Ìṣẹ̀kírì ni Nana, ìyẹn àwọn ènìyàn tí èdè wọn bá Yorùbá tan. Láti 1884 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á ní gómìnà odò náà, òun ni ó sì di òwò epo pupa láàárín àwọn Urhobo tó wà lókè odò àti àwọn oníṣòwò òyìnbó etí òkun mú. Ọkọ̀ igi gígùn ni ọkọ̀ ogun rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní í fi àjẹ̀ tù ú, ìbọn àgbá a sì wà níwájú rẹ̀. Ebrohimi, ibùgbé rẹ̀, wà láàárín àbàtà, níbi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ wọ ọjà òkè odò fúnra wọn, láìgba ọwọ́ alágbàtà. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní 1894, nígbà tí Ralph Moor ń ṣojú ìjọba wọn níbẹ̀. Nana fi igi ńláńlá dí ẹnu odò tóóró tó lọ sí Ebrohimi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ìdènà náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré tí wọ́n rán wọlé lọ wo ọ̀nà bá ìbọn pàdé, ẹ̀mí sì bọ́. Ó di dandan kí wọ́n kó ọkọ̀ ogun jọ: Alecto, Phoebe, Philomela àti Widgeon, lábẹ́ ọ̀gá àgbà wọn, Bedford. Ní 25 oṣù Kẹsàn-án ni Ebrohimi ṣubú. Ìbọn àgbá tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 100.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá yóò rántí Èkó ní 1851. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́; ìró àgbá ọjọ́ náà ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun náà ní Àgìdìǹgbì. Èkó yìí kan náà ni Nana sá lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Seidu Olowu, oníṣòwò Yorùbá, ni ó dé sí kí ó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní Calabar, wọ́n sì lé e lọ sí Gold Coast.

Àwọn kan a máa ka Nana sí baba ńlá iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi òde òní. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun irú àwọn Nana ni iléeṣẹ́ náà ti sẹ̀. Láti so okùn ìran kan mọ́ òmíràn kí àjọ̀dún lè dùn ni láti fi ìpalára tó ṣẹlẹ̀ pamọ́. Ohun tí a lè sọ ní òdodo ni pé omi náà kò yí padà. Àwọn tí ń jí epo rọ̀bì àti àwọn tí ń sè é láìgbàṣẹ ni NNS Delta ń lé lónìí, nínú àwọn odò tóóró tó yí Escravos àti Forcados ká. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, nítorí pé àbàtà tí kò gba Alecto kò gba ọkọ̀ ńlá tiwa náà.

Ní 1906 ni Nana padà wálé. Ó kọ́ ilé ńlá kan sí Koko, ilé náà sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Inú rẹ̀ ni ó ń gbé nígbà tí a fún Nigerian Marine ní orúkọ ní 1914. Ní 1916 ni ó kú.