Gẹ̀ẹ́sì ta ló dùn jù létí?

Ọmọ Etikan tó bá dé Èkó kì í sọ gbólóhùn méjì tán kí wọ́n tó dá a mọ̀: "Ará etí omi ni ọ́, àbí?" Tó bá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, ohùn Ìlàjẹ á bá a débẹ̀, ẹ̀rín á sì sọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé máa fi imú fọ tirẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́ èébó!", bí ìdajì ohun tó sọ ò tiẹ̀ yé wọn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1960, Wallace Lambert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, ní kí àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dáadáa ka ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè méjèèjì. Àwọn tó ń gbọ́ wọn nínú ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ẹnì kan náà ló ń pààrọ̀ ahọ́n. Wọ́n ní ẹni tó sọ Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́n jù, òun ló ṣeé gbọ́kàn lé jù. Ibi tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn tí Faransé jẹ́ èdè abínibí wọn gan-an wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí BBC bi àwọn tó lé ní 5,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léèrè nípa oríṣi ohùn 34, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ti ìlú Birmingham ló gbẹ́yìn. Èyí tó wù wọ́n jù? Èyí tó jọ tiwọn. Ará Amẹ́ríkà tí kò mọ Birmingham kì í rí àléébù kankan lára ohùn náà, torí kò mọ̀ pé ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ni. Ohùn fúnra rẹ̀ kò dùn, kò sì korò. Ẹni tó ni ín là ń gbọ́.

Ṣé kì í ṣe báyìí náà ni láàárín àwa Yorùbá? Èdè Ọ̀yọ́ ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Bíbélì kà, tí odindi rẹ̀ parí lọ́dún 1884. Látìgbà náà ló ti di Yorùbá "gidi". Bẹ́ẹ̀, ohùn "gh" tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín Ìlàjẹ àti Oǹdó, ohùn àtijọ́ ni. Ọ̀yọ́ ló sọ ọ́ di "w".

Ayọ̀ Bánjọ, tó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, pín Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn ọmọ Nàìjíríà sí ìpele mẹ́rin lọ́dún 1971. Ìkẹrin bá ti òyìnbó mu pátápátá, síbẹ̀ òun kọ́ ló ní ká mú, torí àṣehàn ni aráàlú ń kà á sí. Ìkẹta, tó yé ayé tó sì ní òórùn ilé lára, ló fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ẹ̀rín lọ. Lọ́dún 2010, Shiri Lev-Ari àti Boaz Keysar ti Yunifásítì Chicago ní kí àwọn ènìyàn sọ bóyá òótọ́ ni pé àgùnfọn lè pẹ́ láìmu omi ju ràkúnmí lọ, àti irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Tí ẹni tó kà á bá ní ohùn àjèjì, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́. Ìnira díẹ̀ tí etí rí kó tó gbé ọ̀rọ̀ náà, ọkàn kà á sí irọ́. Ẹ wá wo ọmọ Etikan níwájú àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ Igbokoda àti gbogbo etí òkun, ẹ kọ́ ọmọ kó pe ọ̀rọ̀ kó já gaara. Tó bá ti yé ẹni tó ń gbọ́, ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un.