Ẹ Má Jẹ́ Kí Rewáyà Yọ Iná Yẹn

Ọ̀nà tó ti Ìkìrun lọ sí Ìnísà, tó sì kọjá dé Òkukù, kò jìn, àwọn tó ń ná an lójoojúmọ́ sì mọ ibi tí kòtò wà níbẹ̀ bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Àmọ́ bí òjò bá ti dá, tí àgbàrá ti wọ́ ẹrẹ̀ pupa wá sórí ọ̀dà, ìmọ̀ yẹn kò tó mọ́. Reluwé tó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá ní irin tó dì í mú. Mọ́tò ò ní nǹkan kan ju ibi tí táyà mẹ́rin ti kan ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ká ní ewúrẹ́ kan já lu títì lójijì. Awakọ̀ á já ọwọ́ sósì kó má bàa pa á, á tún yára já a padà sọ́tùn-ún kó má bàa wọ gọ́tà. Ìgbà tó ń já a padà yìí gan-an ni ìdí ọkọ̀ sábà máa ń yọ̀, tí á fẹ́ gba iwájú lọ́wọ́ orí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló máa ń dá a dúró.

Àsìkò kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Bosch àti Mercedes-Benz ṣe ẹ̀rọ kan fún, tí wọ́n gbé jáde sọ́jà lọ́dún 1995. ESP ni wọ́n pè é. Toyota ń pe tiẹ̀ ní VSC. ESC ni orúkọ àjùmọ̀ jẹ́. Ojú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan tó ń wo bí ó ṣe ń yí. Òmíràn wà ní ìdí sítẹ́ríìnì, ìyẹn ló mọ ibi tí awakọ̀ fẹ́ lọ. Ẹ̀kẹta wà láàárín ọkọ̀, ó ń wò ó bóyá ara ọkọ̀ ń yí po. Kọ̀ǹpútà á fi ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn: ṣé ibi tí awakọ̀ dorí kọ náà ni ọkọ̀ ń lọ? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á fún táyà kan ṣoṣo ní bíréèkì. Bí ìdí bá ń yọ̀ bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń kọrí sósì, táyà iwájú lọ́tùn-ún ni á dì mú, ìdí á sì padà sẹ́yìn. Á tún dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Awakọ̀ á kàn gbọ́ gìrìrì lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì rí iná yẹ́lò kékeré kan tó ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, àwòrán ọkọ̀ tí ipa táyà rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò.

Lọ́dún 1997, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Sweden gbé Mercedes A-Class tuntun sáré, wọ́n já ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ̀ fún ẹran igbó, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Ilé iṣẹ́ náà fi ESP sínú gbogbo A-Class lẹ́yìn ìtìjú yẹn. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké láti ọkọ̀ 2012 lọ. Ní Yúróòpù, oṣù kọkànlá ọdún 2014 ló di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń dín ìjàǹbá aṣekúpani tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń dá ní kù tó ìlàjì. Èyí tó kàn wá jù ni ti Sweden: wọ́n rí i pé ó wúlò lórí títì tó tutù ju èyí tó gbẹ lọ.

Àwa kọ́ ni Amẹ́ríkà ń rò nígbà tí wọ́n ṣòfin yẹn, ṣùgbọ́n òfin náà bá ọkọ̀ wọ èbúté Èkó. Corolla tàbí Camry 2012 tó jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ yìí, olówó rẹ̀ mọ̀ tàbí kò mọ̀. Tí a bá ń ra ọkọ̀, a óò béèrè ẹ́ńjìnnì, a óò béèrè jíà, a óò gbọ́wọ́ lé ojú ẹ̀rọ amúlétutù bóyá ó ń tutù. Ta ló ń béèrè iná yẹ́lò? Bí ẹrẹ̀ bá dí ojú ẹ̀gbẹ́ táyà, tàbí wáyà rẹ̀ já nínú kòtò, iná yẹn àti ti ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, á tàn, wọn ò ní kú mọ́, torí ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Rewáyà tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè mọ táyà tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n kàn máa ń yọ iná náà, tàbí kí wọ́n lẹ téépù dúdú mọ́ ọn, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ ta ọkọ̀. Wọn ò tún nǹkan kan ṣe. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n pa.

Ẹnìkan á ní kí ìjọba kọ́kọ́ dí kòtò. Òótọ́ ni, kí wọ́n dí i. Àmọ́ kòtò náà ló ń mú awakọ̀ já ọwọ́ lójijì, nítorí náà ọ̀nà tí kò dáa kì í ṣe ìdí láti fọwọ́ rọ́ ẹ̀rọ yìí sẹ́yìn. Ògbólógbòó awakọ̀ á ní òun ti ń wakọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ òun tó o. Ọwọ́ lè tó o, ẹsẹ̀ ni kò tó o: bíréèkì kan ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀dá, táyà mẹ́rin ló sì ń dì mú. Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn tó ní yóò sọ awakọ̀ di aláìbìkítà. Ó ṣeé ṣe, torí náà ni ó ṣe yẹ kí á sọ ọ́ ketekete pé ẹ̀rọ yìí kì í dá ìdìmú sílẹ̀. Èyí tí táyà bá ní ló ń pín. Táyà tó ti pá kò ní nǹkan kan tí yóò pín. Láti ọdún 2016 ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ń fi dandan lé ẹ̀rọ tó ń dín eré kù nínú ọkọ̀ akérò. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò sáré kọjá ààlà náà lè yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ọlọ́kadà ò ní i, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àtijọ́ tó ń kó èrò lọ́nà yìí náà ò ní i, n kò sì ní tan ẹnikẹ́ni pé yóò dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́la. Àwọn ọkọ̀ tó ti ní i ni mò ń sọ. Nígbà tí àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò tàbí alága gáréèjì bá ń wo hóònù àti wáípà, kí wọ́n ní kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì wo dáṣíbọọ̀dù. Iná ọkọ̀ oníkọ́lọkọ̀lọ yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn, kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti yọ ọ́. Bí kò bá kú, ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò náà kò gbà ju kí èèyàn ka ení dé àrún.