Ọlọ́wẹ̀ Ará Ìsẹ̀, Baba Ńlá Tí Oríkì Kò Jẹ́ Kí Ó Sọnù

Nígbà tí baba arúgbó kan bá papò dà láàárín wa lóde òní, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì péjọ láti ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un, owó tí wọ́n ń ná sórí pósí, aṣọ ẹbí àti àwọn onílù kì í ṣe kékeré, bí àwọn àgbà tilẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀; ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ka ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ fún ìsìnkú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò rí ọdún tí a bí baba, oyè tí ó jẹ àti iye ọmọ-ọmọ tí ó fi sáyé lọ, yóò sì kà á níbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni, láìrí ẹyọ ohun kan pàtó tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ilé wo ni ó mọ? Aṣọ wo ni ó hun, igi wo ni ó gbẹ́, kí sì ni ó fi sí i tí tirẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀? Àwọn baba wa kì í fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí oríkì wà lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó, kí ó gbọ́ ìtàn Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni a bí Ọlọ́wẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ìlú tí òkìkí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀ ti kàn gbogbo Èkìtì ká, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó fìdí kalẹ̀ sí, Ìsẹ̀ náà ni ayé sì mọ̀ mọ́ ọn lórúkọ títí di òní. Ẹmẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ẹni tí ọba ń rán níṣẹ́ tí kì í kọ̀, kí ọba tó rí i pé ọwọ́ ìránṣẹ́ òun mọ ohun tí ó ju iṣẹ́ rírán lọ. Láti ààfin Arínjalẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti tàn dé etí àwọn ọba mìíràn, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pè é láti wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin tiwọn. Ó di olówó, ó di onílé ńlá, ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, ó sì bímọ. Àti owó o, àti ilé o, ẹnu àáké ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga jù lọ, ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ síbẹ̀, tí ó wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà báyìí, fi ọba hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé tí ẹyẹ bà sí lórí, tí ayaba dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìtẹ́ mú. Ayaba yìí ga ju ọba lọ púpọ̀, ẹsẹ̀ ọba kò sì tilẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ àṣà lè rò pé Ọlọ́wẹ̀ ń fi ọba ṣe ẹlẹ́yà. Lójú tèmi, ẹni tí ó ti sìn láàfin rí, tí ó sì mọ̀ pé ayaba ni ẹni tí ń gbé adé lé ọba lórí àti ẹni tí ń dúró ti oyè, ni ó gbẹ́ ohun tí ó mọ̀.

Ààfin yìí kan náà ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí, tí ó fi ìbẹ̀wò òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí ń jẹ́ Captain Ambrose sọ́dọ̀ Ògògà hàn. Ní apá kan, Ògògà jókòó, ara rẹ̀ balẹ̀. Ní apá kejì, àwọn alárùú gbé òyìnbó bọ̀. Ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà a máa fín ọnà sára ilẹ̀kùn kí ó sùn mọ́ pákó pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ jìn débi pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yọ orí àti èjìká jáde kúrò lára igi, bí ẹni fẹ́ bọ́ sílẹ̀ wá kí àlejò. Ní ọdún 1924 ni a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, níbi tí àwọn ará ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti London, British Museum, ti rí i tí wọ́n sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò gbà láti ta á fún owó. Ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò èyí tí ó lọ.

Kí a má ṣe rò pé nǹkan kékeré ni igi gbígbẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà a kọ́kọ́ fi àáké lé ọnà, kí ó lè mọ ibi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò wà; a tún un lé, kí ojú àti etí lè máa yọ; a dán an; lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Títí dé ìgbà fínfín, àṣìṣe kan ṣoṣo tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí igi tí a gé kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà. Pẹ̀lú èyí náà, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwo olómorí kan, tí obìnrin kúnlẹ̀ gbé dání, tí àwọn obìnrin mẹ́rin ń jó lórí ọmọrí rẹ̀. Ní abẹ́ àwo náà, láàárín àwọn tí wọ́n kúnlẹ̀ gbé e ró, orí ọkùnrin kan wà tí ń yí gbirigbiri, tí kò sì ṣeé mú jáde. Kò sí ihò tí a gbà fi í síbẹ̀. Inú igi náà ni ó ti gbẹ́ ẹ, tí ó ń ti ọ̀bẹ bọ àlàfo àárín àwọn ènìyàn náà díẹ̀díẹ̀ títí orí fi já kúrò lára ìyókù. Ọba kankan kò lè bẹ̀ ẹ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ta ni yóò tilẹ̀ ronú kàn án? Àrà ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi dá.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Philip Allison, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria ní 1944, èyí sì ṣe ìrànlọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, dé Ìsẹ̀, ìyàwó kẹrin tí Ọlọ́wẹ̀ fẹ́ ṣì wà láyé. Àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ikú ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ màmá àgbà náà la ẹnu, ó sì ki ọkọ rẹ̀ láìdákẹ́. Kò sọ pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni kí ó sì dúró síbẹ̀. Ó sọ bí igi líle kò ti le lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka àwọn ìlú tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó mẹ́nu kan kìnnìún tí ó gbẹ́ tí a gbé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó yìn ín bí ẹni tí ó yọ láàárín ẹgbẹ́, ó sì júbà rẹ̀ bí aya ti í júbà ọkọ. Ìfẹ́ wà nínú oríkì náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìwé ìṣirò oníṣòwò ni mo ṣe ń wò ó: a dárúkọ ọjà, a dárúkọ ẹni tí ó rà á, a sì sọ ibi tí ó gbà lọ.

Ní ọdún 1998, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní ilé àkójọ kan ní Washington, Roslyn Walker sì kọ odidi ìwé lé e lórí, tí ó to oríkì náà mọ́ ohun tí àwọn ará ilé àti àwọn ará ààfin rántí àti ohun tí ojú rí lára igi. Ẹni tí ó bá wọ inú irú ilé àkójọ bẹ́ẹ̀ lónìí yóò rí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kedere. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò ti rí òpó, ìbejì àti ọpọ́n Ifá mìíràn, tí baba ńlá ẹnìkan gbẹ́ bákan náà, tí wọ́n sì dára dé góńgó. Ohun tí a kọ sí abẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju pé ará Yorùbá kan ni ó ṣe é.