Ta Ló Ń Pa Fóònù Wa Láìtọ́jọ́?

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, Tim Cook, ọ̀gá àgbà Apple, kọ lẹ́tà sí àwọn tó fi owó wọn dókòwò nílé-iṣẹ́ náà pé owó tí àwọn ti fọkàn sí ò ní wọlé tán. Bílíọ̀nù dọ́là 89 ó kéré tán ni Apple ti sọ pé òun máa pa láàárín oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún 2018. Ó wá di bílíọ̀nù 84. Ọjà tó tutù ní Ṣáínà ni Cook di ẹ̀bi náà rù jù. Ṣùgbọ́n ó to àwọn ìdí mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wọn sì wà tí àwọn oníṣòwò lè fojú fò, tó sì tóbi lójú tèmi: àwọn kan ò ra iPhone tuntun torí pé wọ́n ti rí bátìrì ti ọwọ́ wọn pààrọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Dọ́là 29 ni Apple ń gbà fún bátìrì lọ́dún 2018, nígbà tí iPhone XS Max tó jáde lọ́dún náà ń bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 1,099. Bó bá jẹ́ pé chip tó yá, kámẹ́rà tó mọ́ tàbí ojú fóònù tó fẹ̀ ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ń wá kiri, bátìrì dọ́là 29 ò lè dá wọn dúró. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí fóònù wọn máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀rọ kì í sábà ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sí. Tí fóònù tuntun bá jáde, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bi ni pé chip wo ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ mélòó, mẹ́gápíksẹ́lì kámẹ́rà rẹ̀ ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni wọ́n, àmọ́ kò sí èyí tó ń sọ bí fóònù ṣe máa pẹ́ tó nínú wọn. Ohun mẹ́ta ló ń sọ ọ́: ìgbà tí bátìrì máa rẹ̀, ẹni tí wọ́n gbà láyè láti ṣí ẹ̀rọ náà, àti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é máa dẹ́kun fífi ìmúdójúìwọ̀n ránṣẹ́ sí i. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ni sáyẹ́ǹsì fi dandan lé. Méjì tó kù, èèyàn ló jókòó pinnu wọn.

Bátìrì ni ti sáyẹ́ǹsì. Lithium-ion tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà lọ́dún 1991, tí John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, ò tíì yí ìwà padà. Tí a bá fi fóònù sí iná, lithium á ṣí kúrò ní ìpẹ̀kun kan bátìrì, á lọ wọnú graphite tó wà ní ìpẹ̀kun kejì. Bí a bá ṣe ń lò ó ni yóò máa padà. Lójú graphite yẹn, awọ tín-ínrín kan ń hù, lithium díẹ̀díẹ̀ sì ń há sínú awọ náà tí kò ní padà síṣẹ́ mọ́. Bí awọ náà ṣe ń nípọn sí i ni iná tí bátìrì lè gbà ń dín kù, tí iná tó wà níbẹ̀ náà sì ń ṣòro láti jáde. Ooru ló ń yára pa á jù, pàápàá tí ooru bá bá bátìrì tó kún dẹ́múdẹ́mú; fóònù tí wọ́n so mọ́ ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì mọ́tò lọ́sàn-án gangan ń jẹ ìyà méjèèjì pọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ọdún 2017 ti wá. Chip tó bá fẹ́ sáré máa ń já iná gbà lójijì. Bátìrì tó ti gbó ò lè pèsè rẹ̀, fóònù á sì kú pii nígbà tó ṣì ń sọ pé iná wà lára òun. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, Apple fi iOS 10.2.1 dín eré chip kù lára àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti rẹ̀, kò sì là á yé àwọn tó ni wọ́n. Oṣù Kejìlá ni John Poole tó ṣe Geekbench, sọ́fítíwià tó ń wọn eré ẹ̀rọ, gbé àbájáde ìdánwò jáde, ó fi hàn pé eré iPhone 6s ò dọ́gba mọ́ láti ìgbà tí sọ́fítíwià náà ti dé. Kò pẹ́ tí Apple fi jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì gé owó bátìrì láti dọ́là 79 sí 29. Lọ́dún 2020, ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù yúrò 25 lé e lórí. Èmi ò bá wọn bínú sí ọgbọ́n tí wọ́n dá, torí fóònù tó ń fà sàn ju èyí tó ń dákú lójijì lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n fi àrùn náà pamọ́ fún aláìsàn. Ẹni tó bá mọ̀ pé bátìrì lásán ló ń ṣe fóònù òun ò ní lọ ra òmíràn.

Kí ló wá dé tí pípààrọ̀ bátìrì fi di iṣẹ́ abẹ? Omi ni àwíjàre tí à ń gbọ́ jù: wọ́n ní ẹ̀rọ tí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa nìkan ni omi ò ní wọ̀. Samsung fúnra rẹ̀ ti dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn lọ́dún 2014. Galaxy S5 tó gbé jáde lọ́dún yẹn, èékánná lásán ni wọ́n fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì rẹ̀ ń yọ, síbẹ̀ ó gba òǹtẹ̀ IP67, ìyẹn ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n ní yóò ki jù? Mílímítà 8.1 ni S5. iPhone 16 tó dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá jẹ́ 7.8. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á ní ike ni ẹ̀yìn S5, pé bí èèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́ pa dáadáa omi á wọlé, pé àwọn fóònù òde òní ń wọ omi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Samsung kan náà ṣì ń ta XCover fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó le, bátìrì ń yọ lára rẹ̀, IP68 ló sì ní. Kí wọ́n má sọ pé kò ṣeé ṣe. Kí wọ́n sọ pé gíláàsì ló ń wu oníbàárà, kí a lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oge ni à ń sọ.

Ọ̀rọ̀ iná wúwo ju ti omi lọ. Lithium tí irin bá gún lè gbiná, kí ló dé tí a ó fi gbé e lé ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, Nokia kìlọ̀ pé nínú bátìrì BL-5C mílíọ̀nù 46 tí Matsushita bá a ṣe, àwọn kan lè gbóná kọjá ààlà. (BL-5C yìí náà ni à ń bá nínú rédíò kéékèèké títí di òní.) Ohun tí Nokia ṣe ò ju pé kí ẹni tí tirẹ̀ bá wà lára wọn gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù ò kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2016, Galaxy Note 7 bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná. Samsung wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé inú bátìrì ni àléébù náà wà, àmọ́ torí bátìrì ò ṣeé yọ, odindi fóònù ni wọ́n kó padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, títà rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé inú àpò tó le ni BL-5C wà, nígbà tí ti òde òní wà nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹnjiníà bá ń fi irin họ ọ́ jáde gan-an ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ jù. Gọ́ọ̀mù ló dá ewu yẹn sílẹ̀, wọ́n wá ń fi ewu náà gbèjà gọ́ọ̀mù.

Ti olè ni mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi nọ́ńbà so ẹ̀yà ara fóònù pọ̀ mọ́ra, débi pé bí ẹnjiníà bá yọ ojú fóònù kan sí òmíràn, sọ́fítíwià á kọ̀ ọ́. Wọ́n ní torí àwọn tó ń jí fóònù tú tà ni, irú olè bẹ́ẹ̀ sì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iPhone 13 jáde lọ́dún 2021, àwọn atúnṣe rí i pé Face ID ń kú bí wọ́n bá pààrọ̀ ojú rẹ̀. Ariwo ta, Apple sì fi iOS 15.2 mú ìdènà náà kúrò láì fọwọ́ kan irin kankan. Lọ́dún 2024, iOS 18 gba ojúlówó ẹ̀yà àlòkù láyè lórí iPhone 15 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ó sì ń kọ èyí tó bá ti ara fóònù tí wọ́n kéde pé ó sọnù wá. A lè dí olè lọ́nà láì dí atúnṣe, nígbà náà. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ò tilẹ̀ dúró de ojú àánú ẹnikẹ́ni: òfin tí gómìnà Tina Kotek fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè náà tó ní kí wọ́n má fi irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ dènà àtúnṣe.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń rí ìkà níbi gbogbo, ti RAM láptọ́ọ̀pù yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, RAM ń wọ ojú ihò, ẹni tó bá fẹ́ kún un á ra òmíràn, á sì fi sí i. Ní báyìí, òjé ni wọ́n fi ń jó o mọ́ pátákó nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. LPDDR, irú RAM tí wọ́n ń lò báyìí, kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì yá, àmọ́ bí ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ chip bá ṣe gùn tó ni iṣẹ́ tó ń jẹ́ ń dàrú tó, ihò àtijọ́ sì gùn jù fún un. Framework, ilé-iṣẹ́ tí Nirav Patel dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti máa ta láptọ́ọ̀pù tí oníbàárà lè tú palẹ̀ kó tún tò ó, fi òjé jó RAM kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó kéde lọ́dún 2025, torí AMD tó ṣe chip rẹ̀ ò rí bó ṣe máa gbé e gba ojú ihò láìpàdánù eré rẹ̀. Bí irú wọn bá sọ bẹ́ẹ̀, mo gbà wọ́n gbọ́. Síbẹ̀, CAMM2 tó ti ọ̀dọ̀ Dell bẹ̀rẹ̀, tí àjọ JEDEC sì sọ di ìlànà fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ní òpin ọdún 2023, ti ń la ọ̀nà fún RAM tó yá tó sì ń yọ. Lenovo ti fi irú rẹ̀ sínú ThinkPad P1 ọdún 2024. Èyí tí mi ò rí àwíjàre kankan fún ni SSD, ibi tí fáìlì ń gbé, tí àwọn kan tún ń jó mọ́ pátákó. Lójú ihò M.2, SSD ń sáré láìsí wàhálà. Tí wọ́n bá jó o mọ́ pátákó, ọjọ́ tí pátákó bá kú ni gbogbo fáìlì èèyàn bá a lọ.

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin. Láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025, bátìrì fóònù tuntun tó bá máa wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ ṣì ní ìdá 80 nínú 100 agbára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba iná kún tó sì tán nígbà 800. Ẹ̀yà àpààrọ̀ gbọ́dọ̀ wà fún ọdún méje lẹ́yìn tí fóònù náà bá kúrò lọ́jà, ìmúdójúìwọ̀n fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, òfin mìíràn máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí oníbàárà lè yọ bátìrì ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ti ń yọ̀ pé S5 ń padà bọ̀. Kí wọ́n rọra yọ̀, torí ọ̀nà àbùjá wà níbẹ̀ fún fóònù: èyí tí eruku àti omi ò lè wọ̀, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ní ìdá 83 lẹ́yìn ìgbà 500 àti ìdá 80 lẹ́yìn ìgbà 1,000, lè wà ní dídì pa, kó jẹ́ pé oníṣẹ́ ni yóò máa pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Apple sì ti kéde ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé iPhone 15 dé ìgbà 1,000 yẹn. Àwọn fóònù olówó ńlá máa gba ọ̀nà àbùjá, àwọn olówó pọ́ọ́kú ni yóò ṣí ẹ̀yìn wọn sílẹ̀. Èmi ò ka ìyẹn sí òfin tó kùnà, nítorí ẹni tó bá ń fi fóònù sí iná lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ á lò ó fún bí ọdún mẹ́ta kí bátìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwà àgbà.

Wọ́n á tún ní fóònù tuntun sàn ju àtijọ́ lọ, kí ló dé tí a ó fi máa rọ̀ mọ́ èyí tó ti gbó? Ká wo ohun tó ń ná ayé. Apple fúnra rẹ̀ ṣírò pé iPhone 13 kan ń tú kílógíráàmù 64 èéfín tó ń mú ayé gbóná sáfẹ́fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ìdá 81 nínú 100 rẹ̀ sì ti jáde kí oníbàárà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62 ni pàǹtírí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tí ayé kó jọ lọ́dún 2022, ìdá 22.3 péré nínú 100 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kó lọ tún lò bó ṣe tọ́. Ẹ̀rọ tí irin rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ tí sọ́fítíwià ti kọ̀, wà lára wọn. Nígbà tí Microsoft dẹ́kun àbójútó Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ò lè gba Windows 11 bí kò bá ní TPM 2.0 àti chip tó wà lórí ìwé wọn. Ààbò ni Microsoft sọ pé òun ń tìtorí ẹ̀ ṣe é, TPM sì wúlò fún ààbò. Àmọ́ ààbò wo ni ti kọ̀ǹpútà tí kò ní gba ìmúdójúìwọ̀n mọ́, tí olówó rẹ̀ ò sì lágbára láti ra òmíràn?

Níbi tí òfin Yúróòpù àti ìlérí àwọn ilé-iṣẹ́ ti máa kàn wá ni ìdí ọjà tòkúnbọ̀. Fóònù tí wọ́n ti lò fún ọdún díẹ̀ ní London tàbí Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lórí tábìlì ní Computer Village, Ìkẹjà. Nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n bá jẹ́ ti ọdún mẹ́ta péré, tòkúnbọ̀ ti ń kú lọ kó tó dé. Google wá ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Samsung náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní oṣù tó bẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Pixel 8 tí èèyàn bá rà ní Ìkẹjà lọ́dún 2027 ṣì ní bí ọdún mẹ́ta níwájú ní ti sọ́fítíwià. Bátìrì rẹ̀ lè ti lo tó ọdún mẹ́rin. Ohun tó yẹ kí onírajà máa bi ẹni tó ń tà á ṣáájú iye RAM ni ọdún tí ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ máa parí, àti iye tí ẹnjiníà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì máa gbà láti fi ojúlówó bátìrì sí i.